Àlejò Tí A Kò Gbọdọ̀ Kí Lójijì

Judith ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bàbá rẹ ló ń kí ọ láti Ìkọ̀yà. Mo lérò pé ara rẹ le, pé iná wà, pé omi wà, pé ọ̀gá rẹ kò sì bínú sí ọ lọ́sẹ̀ yìí. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí kò ní gbàgbé pé ẹnì kan nínú wa wà l'Abùjá. Ara èmi le. Ara ìyá rẹ náà le, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń bá a jà, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá.

Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí, tí mo fi rán Prosper awakọ̀ sí ọ, ni pé bí o ṣe bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn kò dùn mọ́ mi. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ wọlé, mo tẹ̀ ẹ́, o kí mi, mo dá ọ lóhùn, mo béèrè àlàáfíà rẹ, o kò tilẹ̀ dúró, o kàn ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ. Mo ní kí o sinmi, o kò sinmi. Nígbà tí mo tún un tẹ̀, o tún kí mi bí ẹni pé a kò tíì ríra. Mo ti dárí jì ọ́. Iṣẹ́ ìlú ńlá ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí o sọ. O ní Ọ̀gbẹ́ni Olúwaṣọlá ń bọ̀ wá sùn sí ilé àlejò wa, pé bí ó bá gbádùn ibẹ̀, ilé iṣẹ́ yín tó ń bá arìnrìn-àjò wá ibùsùn yóò máa darí èèyàn sọ́dọ̀ wa. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti kọ́ yàrá mẹ́ta yẹn, adìẹ nìkan ló ń sùn níbẹ̀. Adéjọbí àbúrò mi ti fi okùn wọn ibẹ̀. Ó ní ibẹ̀ yóò gba àgbá epo pupa òun dáadáa, ó ní àgbá kì í béèrè kọ́tìnnì. Mo bá a ṣàdéhùn pé bí àlejò yìí bá sá lọ, kí ó kó àgbá rẹ̀ wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fetí sí ọ gan-an.

O ní ọpọlọ ọkùnrin náà ń gba ayé sínú lọ́nà tó yàtọ̀ sí tiwa. Kí a má bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí a má tẹjú mọ́ ọn. Kí ariwo má sí. Ó máa ń dá jẹun, oúnjẹ kan náà lójoojúmọ́, ọbẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ìrẹsì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já wọlé tọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé a ti kọ́kọ́ sọ fún un. O ní kì í ṣe àìsàn, pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn.

Judith, ta ni o rò pé o ń tàn? Ẹni tí a kì í fọwọ́ kàn, tí a kì í wò lójú, tó ń dá jẹun, tí a ń ránṣẹ́ sí kí a tó wọlé, tí wọ́n sì bí i bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọba ni wọ́n ń rán bọ̀ wá bá wa yìí, tí kò fẹ́ kí a mọ̀. Ìyá rẹ wò mí títí, ó ní kí n lọ fọ balùwẹ̀.

Mo tún yàrá ẹ̀yìn ṣe, torí ó jìnnà sí títì. Iná gígùn tó ń ṣẹ́jú, tó sì ń kùn bí eṣinṣin, mo yọ ọ́, mo fi gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tutù sí i. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àwòrán gbogbo alàgbà, mo dojú rẹ̀ kọ ògiri, torí kò yẹ kí alàgbà máa wo ọba níbi tó ti ń bọ́ aṣọ. Fáànù ń han, mo fi epo pupa pa á lẹ́nu mọ́. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ṣìṣe díẹ̀, torí nígbà tí a tàn án, ó fọ́n epo sí ibùsùn, sí ògiri, sí èmi náà. Ìyá rẹ fọ gbogbo rẹ̀ títí kò fi lóòórùn mọ́. Ó ní bí mo bá tún gbé epo wọ yàrá yẹn, Adéjọbí ò ní nílò láti kó tirẹ̀ wá mọ́.

Ìṣòro gidi ni ìkíni. O mọ̀ wá. Kí àlejò tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ìdajì àdúgbò á ti gba báàgì rẹ̀, wọ́n á ti béèrè orúkọ ìyá rẹ̀. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ní kí ẹnikẹ́ni má kí i, àfi tó bá kọ́kọ́ kí wọn. Ó dùn wọ́n. Màmá Àrìnkẹ́ ní ṣé ìwà tí mo lọ kọ́ l'Ókìtìpupa nìyẹn. Mo bá sọ sí i létí pé kábíyèsí ni, kó má sọ fún ẹnì kankan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ló ti ń bá mi pa àṣírí náà mọ́.

Nígbà tí ó dé, ó dé nǹkan dúdú kan sórí tó bo etí rẹ̀ méjèèjì. Adé ayé òde òní nìyẹn, wọ́n kàn ti yọ ìlẹ̀kẹ̀ kúrò ni. Gbogbo èèyàn dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n dorí kodò. Èmi dúró lókèèrè, mo ń wo bàtà rẹ̀, mo to gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún un: ìgbà tí oúnjẹ yóò dé, ìlẹ̀kùn tó ń dún, pé mo máa ń wúkọ́ láàárọ̀, pé mi ò lè ṣèlérí kankan nípa òjò. Ó ní ẹ ṣé, Bàbá, kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tó tíì sọ fún òun nípa ikọ́ onílé rí. Ìyá rẹ gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀ nínú àwo kan, ẹyin nínú òmíràn. Òkèlè púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó tó ti sè sílẹ̀, èmi ni mo jẹ ẹ́, mo sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́ díẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ni Jàfárù, tí ń lọ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ọgbà wa, tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lójijì. Ọba ti ìlẹ̀kùn. Nígbà tó yá, a gbọ́ tí ó ń di ẹrù. Adéjọbí ti wà ní géètì pẹ̀lú àgbá kan, ó ń nù ún bí ẹni ń nu ọmọ, ó ní ẹ kú ìnáwó o, ọba yín ń lọ. Mo sáré bá Jàfárù. Ó ní ẹ̀gẹ́ oníbàárà òun yóò bà jẹ́, ṣé ọba ni yóò san án. Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú ìlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó rí mi.

Ìyá rẹ ló rọra kan ìlẹ̀kùn. Ó dúró síta, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló ń dà á láàmú gan-an. Ọba ní kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan, pé àìmọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ ló ń pa òun. Ìyá rẹ bá lọ bá ìyàwó Jàfárù. Láti ọjọ́ náà, kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì, ìyàwó Jàfárù á sá ìró pupa kan sórí ọgbà, á dúró díẹ̀. Ọba á rí i, á dé adé rẹ̀, á rìn lọ sí oko ọ̀pẹ. Bí wọ́n bá ká ìró náà, á padà wálé. Ọjọ́ tó yẹ kó lọ pé, kò lọ. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan kún un.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní Bàbá, ẹ dìde, òun kì í ṣe ọba, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni òun ń ṣe, bí òun ṣe rí nìyẹn, àwọn bíi tòun sì pọ̀. Mo ní mo gbọ́, Kábíyèsí. Ìyá rẹ ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé kì í ṣe ọba, pé ohun tí ọkùnrin náà bá ní òun fẹ́ ni òun ń ṣe fún un. Mi ò bá a jiyàn. Kò rin ìrìn-àjò púpọ̀.

Àmọ́ gbọ́ o: ó ní òun yóò jíṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ yín, àti pé nígbà Kérésì òun yóò kó mẹ́fà nínú àwọn èèyàn òun wá, tí wọn kò tíì rí ibi sùn tó bá wọn lára mu. Ọba mẹ́fà, Judith. Adéjọbí fúnra rẹ̀ ló yí àgbá rẹ̀ padà sílé, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, fi owó kọ́tìnnì tó nípọn ránṣẹ́, àti ti ìlẹ̀kùn tí kì í dún, àti ti tìmùtìmù. Prosper ni kí o kó o fún. Má fi sí báńkì, torí mo pe báńkì, ọmọbìnrin kan ní kí n tẹ oókan, mo tẹ̀ ẹ́, ó tún ní kí n tẹ eéjì. Ẹni tí kò mọ èyí tó fẹ́ kò yẹ kó máa tọ́jú owó èèyàn.

Ìyá rẹ ní kí o bi àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà léèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń dà wọ́n láàmú àti ohun tó tù wọ́n lára. Èmi ní kí o béèrè èwo ló ga jù nínú wọn, kí n mọ ẹni tí n óò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún.

Níbikíbi tí o bá dé, wọn kò ní jágbe mọ́ ọ. Wọn kò ní wò ọ́ títí ojú á fi tì ọ́. Kí wọ́n tó ṣe ohun tí yóò bà ọ́ lẹ́rù, wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún ọ. Ibi tí o bá forí lé, oorun á kùn ọ́ níbẹ̀ bí ẹni tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlápàdé.