Ermek, Kọ̀ǹpútà Rẹ Ti Ń Sáré

Ọdún méjì rèé, Ermek! Ọdún méjì rèé tí yìnyín ojú ọ̀nà Dolon ti gbà ọ́ lọ́wọ́ wa, tí o jáde láàárọ̀ tí a ò sì rí ọ kó o wọlé lálẹ́. Ikú dóró. Àwa ará ilé rẹ ní Naryn, a kí ọ níbi tó o wà.

Nǹkan ti yí padà díẹ̀. A ti parí òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó o bẹ̀rẹ̀. Ó dára, àfi ẹ̀gbẹ́ kan tí Bàbá àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tó wọ́, tí kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un. Màlúù dúdú ti bímọ. Begayim àbúrò rẹ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ó ti ga ju ìyá rẹ lọ, ẹnu rẹ̀ sì ti mú sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ la fẹ́ ròyìn fún ọ gan-an, torí a mọ̀ pé òun lo máa kọ́kọ́ béèrè.

O rántí bó ṣe ń dà ọ́ láàmú. Ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́rin á wà lójú ogun nínú eré yín orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kálukú ní ìlú tirẹ̀, kọ̀ǹpútà tìrẹ á kàn gan lójijì bí ẹni tó rí iwin. Kó tó lajú, wọ́n á ti yìnbọn pa ọ́. O ra mẹ́mòrì tuntun àti díìsìkì tuntun, o kó wọn sínú dúróò, o ní bí ìgbà ooru bá dé, o máa to wọ́n sínú kọ̀ǹpútà náà. Ìgbà ooru dé, ìwọ ni ò dé.

Lọ́jọ́ tí a sin ọ́ tán, Salkyn ìyá rẹ mú aṣọ irun àgùntàn tó nípọn, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó fi bo kọ̀ǹpútà náà látòkè délẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. A ò bá a jiyàn, torí a mọ ohun tó ń ṣe. Láyé àtijọ́, bí ọkùnrin bá kú láàárín wa, wọ́n á gé irun ìrù ẹṣin rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gùn ún títí ọdún á fi pé. Ìwọ ò ní ẹṣin, kọ̀ǹpútà lo ní.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí ìyá rẹ bá ti ń din borsok, ìyẹ̀fun tí a máa ń din nítorí òkú, kí òórùn epo gbígbóná lè dé ọ̀dọ̀ rẹ, á ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà, á tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Kì í ṣí i wò. Ohùn rẹ̀ ló fẹ́ gbọ́, bó ṣe máa ń dún hùùù láti yàrá rẹ nígbà tó o wà láyé. Á jókòó tì í, á máa mu tíì rẹ̀. Bí ohùn náà ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún wa pé ò ń sún mọ́lé. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé ooru ló ń mú ẹ̀rọ náà, pé aṣọ tó fi bò ó ni kò jẹ́ kó mí?

Ọdún pé. A ṣe ash rẹ, àsè ìrántí ọdún kan olóògbé, a pa ẹran, àwọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀ láti abúlé orí òkè wá jẹ ẹ́, wọ́n sì ṣàdúrà fún ọ. Nígbà tí àlejò tú ká, Begayim bẹ ìyá rẹ pé kó jẹ́ kí òun tún kọ̀ǹpútà náà ṣe, kí òun to ohun tó o rà sínú rẹ̀, kí òun sì dúró sí àyè rẹ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, torí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò tíì mú ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ. Ìyá rẹ kọ̀. Ó ní bí wọ́n bá tú u, ìwọ̀nba ohùn tó kù fún òun nílé yìí á bá a lọ. Ẹkún tí kò sun níwájú àlejò ló wá fi sọ ọ́, Ermek, a ò sì mọ ibi tí a máa gbójú sí.

Bàbá àgbà tó ti ń tòògbé lẹ́bàá ààrò ló dá sí i.

“Salkyn, ọmọ mi, lọ́jọ́ ash, wọ́n máa ń tú ẹṣin olóògbé sílẹ̀ kó sáré ni. Èyí tí wọ́n bá so mọ́lẹ̀ tí ò sáré mọ́, ẹran ni.”

Ìyá rẹ dìde, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ká aṣọ náà kúrò.

Begayim gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, Bàbá àgbà di tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Ìdajì àgùntàn ni wọ́n bá nínú rẹ̀! Irun ti wé mọ́ fáànù, èéfín epo borsok sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ eruku títí ó fi le. Begayim ní ó kù díẹ̀ kó máa ké bí àgùntàn. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n mọ́, ó pààrọ̀ ọ̀rá tí wọ́n ń fi sórí ọpọlọ rẹ̀ kó má baà gbóná jù, ó ki mẹ́mòrì rẹ bọ̀ ọ́ títí ó fi dún kọ́. Díìsìkì tuntun ló ń gbé eré náà báyìí, àmọ́ ti àtijọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ohun tó o kó pa mọ́ síbẹ̀ pé. Ó tún fa wáyà láti ibi àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà wá sí yàrá rẹ, torí ògiri ilé wa nípọn, nẹ́tíwọ̀kì kì í rọ́nà kọjá dáadáa.

Wọ́n tan án, kò dún. Iná rẹ̀ tàn, àwòrán yọ wéré, ṣùgbọ́n ohùn tí ìyá rẹ fi odidi ọdún kan jókòó tì ti lọ. Ó gbé etí sí i lára, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó ní, “Ẹ ti lé e lọ.”

Begayim fẹ́ máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fáànù, Bàbá àgbà ṣẹ́jú sí i pé kó pa ẹnu mọ́. Ìyá rẹ wọ ilé ìdáná lọ. Ohun tí ọmọ náà ti ń tọrọ látọjọ́ yìí tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, inú rẹ̀ ò sì dùn. Ó kàn wọnú eré náà lọ, torí ó ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé òun ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ sáré, Ermek! Kò gan, kò ta kókó, gbogbo òkè inú eré náà ń kọjá geere. Ìgbà náà ni ìyá rẹ pariwo láti ilé ìdáná pé kó pa nǹkan yẹn, kó wá jẹun.

Ohùn rẹ̀ dé etí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ nínú kọ̀ǹpútà. Kubat, ọ̀rẹ́ rẹ ará Talas, sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara bí ẹni tó wà nínú yàrá.

“Màmá, ẹ kú alẹ́ o. Ohùn yín nìyẹn.”

Ìyá rẹ yọjú, ó ní ta ló mọ òun níbẹ̀.

“Ta ni ò mọ̀ yín, Màmá? Ìgbà tí a bá fẹ́ borí gan-an lẹ máa ń pe Ermek wá jẹun. Á ní, ‘Ìyá mi ń pè mí,’ á fi wá sílẹ̀ lójú ìbọn. Ọ̀tá ò pa wá tó bí ọbẹ̀ yín ṣe pa wá.”

Ìyá rẹ rọra jókòó. Látìgbà tó o ti ń ṣe eré náà, ó rò pé ìgbà tí eré bá parí lo máa ń wá jẹun.

Ó béèrè pé, “Kì í parí rẹ̀ kó tó dìde?”

“Rárá, Màmá. Kọ̀ǹpútà ló máa ń pẹ́, òun kì í pẹ́.”

Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín. A ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn látìgbà tó o ti lọ. Aṣọ irun àgùntàn náà wà lórí ẹsẹ̀ Bàbá àgbà báyìí, ó ní orúnkún òun ló nílò rẹ̀ jù.

Jímọ̀ tó kọjá, Begayim àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ wà lójú ogun, wọ́n sì ń borí. Borsok jinná. Ìyá rẹ pariwo láti ilé ìdáná bó ṣe máa ń ṣe.

“Ermek, wá jẹun!”

Òun náà gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá àgbà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Kubat ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, pé kí Begayim máa lọ, àwọn ti gbọ́. Àbúrò rẹ dìde lójú ìjà, ní ìpè ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n pa àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó ráhùn.

A jẹun, Ermek. A bu tìrẹ síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ ń sáré, kò pariwo mọ́, ìyá rẹ ló ṣì ń pariwo pè ọ́. A nífẹ̀ẹ́ rẹ, àárò rẹ ń sọ wá, a ò sì ní jáwọ́ nínú pípè ọ́ wá jẹun.

Salkyn ìyá rẹ, Asanbay bàbá rẹ àgbà, Begayim àbúrò rẹ. Àti Kubat pẹ̀lú àwọn mẹ́ta yòókù, láti ojú ogun.