Búlọ́ọ̀kù Mélòó Lójúmọ́

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Kejì, 2022
Ọ̀gá Akínọ̀ṣọ́ — nínú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Kí-Ló-Fà-Á, torí kò sí iye tí èèyàn máa gbé wá tí kò ní bi í bẹ́ẹ̀ — fún mi níṣẹ́ tó jọ iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta tí mo fi ń kọ́ ìṣirò ìnáwó ilé kíkọ́ ti fẹ́ẹ́ pé. Bí mo bá ṣe é dáadáa, wọ́n á gbà mí. Bí mo bá bà á jẹ́, ó di ọ̀dọ̀ Màmá l'Óṣogbo. Ó ní kí n lọ jókòó ti bíríkìlà mẹ́jọ tó ń mọ ògiri ní sáìtì wa n'Íbẹ̀jú, kí n mọ iye búlọ́ọ̀kù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń tò lójúmọ́. Ìwé ìṣirò tí a fi ń kọ́ṣẹ́ ní ọgọ́fà. "Ìwé ò gbé Ìbẹ̀jú," ó ní.

Ìṣẹ́gun, 8
Wọ́n ń ṣàwàdà kí n tó dé. Mo jókòó pẹ̀lú ìwé àti aago, gbogbo ẹnu pa. Géńdé kan nínú wọn, Tájù: "Àǹtí Amí, ẹ kà mí dáadáa o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in. Kò dénú.

Ọjọ́rú, 9
Kò sẹ́ni tó bá mi jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 10
Wákàtí méjì kí n tó dé yàrá mi l'Ájah. Mo kí ara mi káàbọ̀. Màmá pè: ṣé mo ti lọ́rẹ̀ẹ́ níbi iṣẹ́? Mo ní wọ́n pọ̀, mẹ́jọ ni wọ́n.

Ẹtì, 11
Bàbá Ọdúnjọ, àgbà inú wọn, to búlọ́ọ̀kù méjì fún mi lábẹ́ ibòji. "Jókòó síbí, ọmọ mi. Má wo ògiri nìkan, wo ọwọ́. Ọwọ́ tó bá dúró, ó ní ohun tó ń retí." Ọjọ́ kẹrin rèé kí ẹnikẹ́ni tó pè mí lọ́mọ.

Ajé, 14
Ọgọ́ta lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ń tò! Ìdajì ohun tí ìwé wí. Bí mo bá gbé ọgọ́ta lásán lọ, ọ̀gá á ní ọ̀lẹ ni wọ́n, á sì lé wọn. Mo wo ọwọ́. Omi ni! Táǹkì wà lẹ́nu géètì lọ́hùn-ún. Lébìrà ń fi kẹ́ẹ̀gì ru omi la inú iyanrìn kọjá, bíríkìlà ń dúró de símẹ́ǹtì pípò. Wákàtí mẹ́rin nínú mẹ́jọ, ìdúró ni. Inú mi dùn débi pé mo ń dá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 16
"Kí ló fà á?" Lónìí, mo lésì. Mo ní bí táǹkì bá sún mọ́ wọn, ọgọ́fà á pé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "O ti ń mọṣẹ́." Mo sáré lọ sọ fún Bàbá Ọdúnjọ pé kò sẹ́ni tó máa lé wọn. Bàbá ṣàdúrà fún mi.

Ìṣẹ́gun, 22
Wọ́n ti gbé táǹkì. Mẹ́rìnlélọ́gọ́fà! Tájù bu ẹ̀wà fún mi. A jọ jẹun.

Ẹtì, 25
Lẹ́tà mi jáde. Wọ́n gbà mí. Ọ̀gá ní ìṣirò mi ló la òun lójú: nígbà tí ẹnì kan ti ń ṣiṣẹ́ ẹni méjì, mẹ́rin ti tó. Mẹ́rin lọ lónìí. Bàbá Ọdúnjọ ló ṣáájú, nítorí ọjọ́ orí.

Mo lé wọn bá létí títì. Mo ní mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa já sí. Ẹkún gbọ̀n mí. Bàbá ní kí n nu ojú mi, kí wọ́n má rí mi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí. Bàbá wá béèrè bóyá mo mọ ẹnì kan, níbikíbi, tó ń wá bíríkìlà.

Mo ronú títí. Láti Lẹ́kkí dé Ẹ̀pẹ́, mi ò mọ ẹnì kankan.