Ohùn Àgbébọ̀ Adìẹ

Màmá mi,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ mi. Ẹ má fòyà pé lẹ́tà lẹ rí, tí n kò pè. Fóònù mi ló ń ṣe ségesège.

Fíìmù àwọn ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ ti jáde. Èmi ni mo fọhùn fún àgbébọ̀ adìẹ tó ń wá àwọn ọmọ rẹ̀ kiri. Ọ̀gá wa ní, "Ohùn rẹ dùn, àmọ́ ó ti ń ha." Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n ti yọ kókó tó wà lọ́fun mi. Dókítà ní ẹ̀mí ṣe pàtàkì ju ohùn lọ, mo sì gbà fún un. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹnu mi kì í dilẹ̀. Ó ti wá dilẹ̀ báyìí. Ìwé ni mo fi ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣàwàdà. Wọ́n ti rí ẹlòmíràn fún apá kejì fíìmù náà. Kò dùn mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi fíìmù náà han ọmọ mi. Níbi tí adìẹ ti ń pe àbíkẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ọmọ mi, máa bọ̀ nílé," ẹ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti ìyá aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ẹ bá mi gbá ọmọ mi mọ́ra.

Èmi ọmọ yín.