Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tí Kò Nílò Iná

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, ó mú mi rẹ́rìn-ín. O ní ṣé kì bá ti dára kí n kọ́kọ́ wá olówó tó máa fowó sí i kí n tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo wá wọn o! Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ ṣe é ná, ká fojú rí i." Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ yìí láìgba owó oṣù. Mo gbé e lọ bá wọn lánàá. Wọ́n ní, "Ó mà dára o! Mélòó lẹ ti tà?"

Má wulẹ̀ dààmú. Mo ti kó lọ máa gbé inú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe ẹ̀rọ náà, n kò wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni mò ń jẹun, ṣòkòtò ìgbéyàwó mi sì ti tún gbà mí.

Maṣíìnì ìránṣọ rẹ tí o fẹ́ tà kí n lè ṣe ẹ̀rọ kejì, mo ní kí o má tà á. Ohun tí o fi ń bọ́ àwọn ọmọ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ rà á bá tún yà, jọ̀ọ́, béèrè iye tó máa san.

Bá mi kí màmá. Sọ fún wọn pé ara mi le.

Ọkọ rẹ.