Ìdúró Dádì ní Sọ́ńdè

Bọ̀dá Akínfẹ́nwá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ṣé òtútù Kánádà ò pọ̀ jù?

Ní Fẹ́sítàkì níbí, ilé ti pa rọ́rọ́ látìgbà tí Mọ́mì ti kú. Mo ti ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀, síbẹ̀ àìsàn Pákínsìn yìí ṣì ń gbé Dádì ṣubú.

Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín: tẹ́ ẹ bá pè lórí fídíò ní Sọ́ńdè, agídí ni wọ́n fi ń dìde dúró, kẹ́ ẹ lè rò pé ara wọn ti yá. Tẹ́ ẹ bá ti pa fóònù báyìí, wọ́n á ṣubú. Èmi nìkan ni mo sì ń gbé wọn.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó kí wọn rárá, ẹ ní kí wọ́n jókòó. Wọn ò gbọ́ tèmi mọ́.

Àbúrò yín,
Tèmilọlá