Ibi Tí Gáàsì Ń Gbà Jò

Sátidé, lẹ́yìn ìrun Mágàríbì, 1976.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rọ gáàsì sínú ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù mọ́tò mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jò tán. Èmi tí mò ń tún fíríìjì ṣe fún gbogbo Jankara! Ọ̀la sì ni mò ń gbé Màmá lọ sí Ìjẹ̀bú, ooru kì í jẹ́ kí wọ́n mí dáadáa. Mo ní n kò ní jẹun àfi tí mo bá rí ibi tó ti ń jò.

Mo po ọṣẹ, mo fi pa gbogbo páìpù. Níwájú mọ́tò ni ọṣẹ ti ń hó yaya. Tíírà ni mo bá níbẹ̀! Wáyà tí wọ́n fi so ó mọ́ páìpù ti ha á lu.

Mo búra pé ẹni tó so ó máa gbọ́ tèmi lónìí.

Mo jó ojú ihò náà dí, mo tún rọ gáàsì, mo ní kí Màmá wá jókòó. Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí wọn lójú, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rí i? Mo so tíírà kan síwájú níbẹ̀, mi ò sọ fún ẹ ni. Òun ló gbà á."

Tíírà ọ̀hún wà lápò mi.

"Àmín, Màmá," ni mo wí.