Òkú Tó Ń Gbàlejò

                                                  Ojúlé Kẹfà,
                                                  Òpópónà Gbọ̀ngàn.
                                                  Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kẹsàn-án.

Májàá mi ọ̀wọ́n, ọ̀rẹ́ tó ju ọmọ ìyá lọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ẹsẹ̀ Ìyá ti fúyẹ́ díẹ̀, àbí wọ́n ṣì ń fi ọ̀pá halẹ̀ mọ́ gbogbo ilé? Ọmọ rẹ ńkọ́, ẹni tó ń jẹ bọ́tìnnì mi bí ẹ̀pà nígbà tó ń yọ eyín? Mo gbọ́ pé ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọlọ́run á bá wa wò ó. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé o máa ń ní Kánjúrán kì í kọ lẹ́tà tó kún ojú ìwé kan. Ti òní á gùn. Jọ̀ọ́, jókòó kó o tó kà á.

Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba fẹ́ ṣe àpéjọ ńlá wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní gbọ̀ngàn tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa fa ẹni tó máa díje kalẹ̀. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ aṣọ tí wọ́n máa fi bo àga fún. Mo bi akọ̀wé gbọ̀ngàn pé ta ló ń náwó báyìí, nítorí mo gbọ́ lórí rédíò pé òfin kò gbà kí ilé-iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ òṣèlú lówó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹgbẹ́ kọ́ ni wọ́n ń fún, ìgbìmọ̀ tó ń gbàlejò ni. Ìgbìmọ̀ ló ń san owó gbọ̀ngàn, òun ló ń san owó iná. Ẹgbẹ́ kàn ń wá jókòó ni. Mo ní ẹni tó bá mi bọ́ àlejò mi, ṣé kò tíì bọ́ mi ni? Ó ní kí n lọ rán aṣọ mi.

Yàrá kan wà lẹ́yìn pèpéle tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó náwó, kí àwọn olóṣèlú lè máa wá kí wọn níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀kan nínú wọn kó àga tirẹ̀ wá, àga tí wọ́n fi awọ dúdú bò, tí apá rẹ̀ gbòòrò. Mo kúnlẹ̀ kí n wọn èkíní. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, ìka mi sì kan ojú ìrán kan. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Òwú pupa ni. Ó rán lọ, ó padà lé ara rẹ̀, ó wá parí sí kókó kéékèèké mẹ́ta, bí ọ̀gá tó kọ́ wa ní aṣọ rírán ṣe fi hàn wá, èyí tí èmi kò ní sùúrù kọ́.

Májàá, ọwọ́ rẹ ni.

O rántí yàrá ìdúró ilé-iṣẹ́ tí bọ́ílà wọn bú gbàmù pa ọkọ rẹ. Ojoojúmọ́ là ń lọ jókòó níbẹ̀ de ọ̀gá tí a sọ ní Ẹ-má-bínú, nítorí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Ọmọ rẹ fi eyín fa awọ àga ya. Òwú pupa nìkan ló wà nínú àpò rẹ, lo bá rán an. Inú bí mi. Mo ní àga àwọn tó pa ọkọ rẹ lo ń tún ṣe. O ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Lẹ́yìn náà, lọ́yà wa ní lójú òfin, ènìyàn ni ilé-iṣẹ́: ó lè ra ilẹ̀, ó lè pe ni lẹ́jọ́, àwa náà sì lè pè é. Inú wa dùn pé a rí ẹni mú. Àfi bí adájọ́ ṣe ní ẹni náà ti kú, wọ́n ti tú u ká, orúkọ rẹ̀ ti kúrò nínú ìwé ìjọba, kò sì sí ẹni tó ń bá òkú ṣẹjọ́. Ẹ-má-bínú búra pé òṣìṣẹ́ lásán lòun, pé kò sí ẹni tó jogún òkú náà, pé gbogbo ohun ìní rẹ̀ ti fọ́n ká. Ọkọ rẹ ní ibojì. Èmi ò rí ibojì ti ẹni yẹn.

Ìyá àgbà mi máa ń sọ̀rọ̀ akúdàáyà fún wa, òkú tó kú nílùú kan tó lọ ń ṣòwò nílùú mìíràn, tó láya, tó bímọ. Àmì ara rẹ̀ ni ará ilé fi ń dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kánjú pe orúkọ rẹ̀, òkú náà á pòórá kí ilẹ̀ tó mọ́.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí Ẹ-má-bínú fi wọlé. Irun rẹ̀ ti funfun. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń gbàlejò, káàdì ilé-iṣẹ́ tuntun tó kó àga wá sì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò dá mi mọ̀. Ó jókòó sórí àga náà gan-an, ó gbé apá lé ojú ìrán rẹ, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ bá wa bò ó dáadáa o, àlejò pàtàkì ló ń bọ̀." Mo rántí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, n ò pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn bíi ti yàrá ìdúró ọjọ́sí, mo sì ń retí kí ẹnì kan yọjú pé ó kàn wá. Mo rán aṣọ funfun, mo fi bò ó. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè jókòó sórí àga kankan láì kọ́kọ́ fọwọ́ wá abẹ́ apá rẹ̀, kódà nínú ilé. Ọkọ mi ti ń wò mí tìfuratìfura.

Mo tọ lọ́yà wa lọ. Ó ní bí àga bá ti ọwọ́ òkú dé ọwọ́ ẹni tuntun, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí Ẹ-má-bínú ń ṣojú fún báyìí, ìbúra ọjọ́sí kì í ṣe òótọ́ nìyẹn, ilé-ẹjọ́ sì lè ṣí ìbòjú ẹni tuntun náà wò, bóyá ojú àtijọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kò ṣèlérí o. Ó ní ẹ̀rí tèmi kò tó. Ẹni tó rán an ni kó wá wò ó, kó búra ní kóòtù pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, kí wọ́n lè pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé àga náà kúrò. Kí àpéjọ tó parí ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́. Torí àpéjọ yìí nìkan ni wọ́n ṣe dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀; bí àlejò bá ti lọ, òun náà á kú, wọ́n á sì kó àga lọ síbi tí ojú wa kò ní tó mọ́.

Mo mọ̀ pé o ti ní ẹsẹ̀ rẹ kò ní tẹ ìlú yìí mọ́. O lè ní kí n jẹ́ kí òkú sùn. Òkú yìí kò sùn, ọ̀rẹ́ mi. Kò ní ìka tó lè fi tẹ̀ka, síbẹ̀ ó ń bá wa yan olórí.

Máa bọ̀. Èmi á mú ọ wọlé bí aránṣọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Má pariwo, má pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a bá ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Kó o má bàa máa wá àga kiri, mo ti fi òwú pupa rán etí aṣọ ti ìyẹn nìkan, pẹ̀lú kókó mẹ́ta. Mo tú u, mo tún un rán, títí ó fi jọ tìrẹ.

Bá mi kí Ìyá, kí wọ́n rọra lo ọ̀pá. Bá mi kí ọmọ rẹ dáadáa. Sọ fún un pé láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, eyín rẹ̀ nìkan ló tíì ya ẹni yẹn lára.

Èmi tó ń wo ọ̀nà rẹ ni,
Kánjúrán.